Àjò Tí A Ń Pè Ní Ilé

Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ẹni tó bá wà nílé rẹ̀ kì í tọrọ àyè kó tó jókòó, bẹ́ẹ̀ ni kì í wojú ẹnikẹ́ni kó tó rẹ́rìn-ín tàbí kó tó sunkún. Ìdí nìyẹn tí inú olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fi máa ń dùn tí wọ́n bá ti kéde pé ẹgbẹ́ òun fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù nílé. Ó gbà pé ilẹ̀ tòun ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, pé àwọn kan ló ń bọ̀ wá ṣe àlejò, pé ohùn òun náà yóò wúlò lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ní Kétu, Ìkòsí àti Mile 12 mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ti sọ wá di àlejò. A jí ní kùtù, a wọ jẹ́sì, a náwó, a lo odidi ọjọ́ kan lórí bọ́ọ̀lù tí kò ju 90 ìṣẹ́jú lọ, a sì padà wálé pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn. Àwọn tí kì í lọ sí pápá ìṣeré rò pé ìpàdánù ló ń ba inú wa jẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ti mọ̀ tipẹ́ pé bí ẹnì kan bá máa yọ̀, ẹnì kan yóò sunkún. Èyí tó ń dùn wá dé egungun ni kí wọ́n ṣe wá bí àjèjì ní ibi tí wọ́n pè ní ilé wa. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọjọ́ náà ṣe ń bàjẹ́, láti ìpele dé ìpele, nítorí pé àìsàn tí a bá mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro láti wò.

Ibo ni ilé gan-an?

Bọ́ọ̀lù kò ṣàjèjì ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́. Tí ẹ bá rìn wọ àdúgbò ní Ìkòsí tàbí Alápẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ẹ óò rí àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbá mọ́ńkí pósì lójú títì. Òkúta méjì níbí, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ó di gólì. Tí ọkọ̀ bá ń bọ̀, wọ́n á gbé òkúta kúrò. Tí ó bá kọjá, wọ́n á dá a padà, eré á sì máa lọ. Síbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ kan nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Nàìjíríà tó ń fi Kétu ṣe ilé. Ẹni tó bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù àwọn àgbà lójúkojú gbọ́dọ̀ wọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ Ìkòròdú City ṣe àpẹẹrẹ. Ará ilé wa ni Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti kúrò ní Mile 12, tó kọjá Òwódé àti Ajégúnlẹ̀, ó ti ń wọ Ìkòròdú nìyẹn. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà gòkè wọ líìgì àgbà ní 2024, ọ̀pọ̀ wa ló yọ̀ bí ẹni pé tiwa ni. Àmọ́ Oníkàn, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n ti gba àlejò ní sáà 2024 sí 2025. Èyí ni pé ará Ìkòròdú tó fẹ́ lọ wo ẹgbẹ́ Ìkòròdú nílé yóò kọjá lójú wa ní Mile 12, yóò kọjá ní Kétu àti Òjótà, yóò sì rékọjá afárá kó tó délé.

Pápá Oníkàn fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó níyì. Láti ọdún 1930 ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, ó sì ti jẹ́ orúkọ Ọba George Karùn-ún ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Lẹ́yìn tí wọ́n tún un kọ́, wọ́n fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson, gómìnà àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, pè é ní 2019. Nǹkan bí 10,000 èèyàn ló gbà. Ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ rí mọ̀ pé ó lẹ́wà. Ẹwà rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn ará Kétu máa dé ibẹ̀ lásìkò láti rí.

Àìnílé yìí kò mọ sọ́dọ̀ wa nìkan. Ní October 2021, orílẹ̀-èdè Central African Republic wá sí pápá Teslim Balogun ní Súrùlérè, wọ́n sì na Super Eagles ní gólì 1 sí òdo nígbà tí 90 ìṣẹ́jú ti pé. Ìbànújẹ́ ńlá ni fún wa. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó kàn wọ́n láti gbà wá lálejò nílé tiwọn, ṣùgbọ́n ìlú Douala ní Kamẹrúùnù ni wọ́n ti gbá a. A na wọ́n ní gólì 2 sí òdo. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, àánú àwọn olólùfẹ́ wọn ṣe mí. Ẹgbẹ́ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù "nílé", àwọn sì wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ojú ọ̀nà

Láti Mile 12 dé CMS ní Erékùṣù Èkó, kìlómítà 22 ni. Ojú ọ̀nà yìí ni ọkọ̀ BRT àkọ́kọ́ ní Èkó gbà nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní March 2008, kí wọ́n tó fà á dé Ìkòròdú ní 2015. Fún ẹni tó ń lọ sí Oníkàn, èyí tó bá lọ tààrà sí TBS (Tafawa Balewa Square) ni ó dára jù, torí pé ẹsẹ̀ lásán ni èèyàn á fi rìn láti ibẹ̀ dé pápá. Fún ẹni tó ń lọ sí Súrùlérè, orí ọ̀nà yìí kan náà ni ibùdókọ̀ Stadium wà. Lórí ìwé, kò sí ẹni tó yẹ kí ọ̀nà rọ̀ lọ́rùn tó wa.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Ọjà Mile 12 kò mọ ọjọ́ bọ́ọ̀lù. Tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tó ti òkè Ọya wá gbọ́dọ̀ jáde nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó jẹrà. Ẹni tó wá kó ọjà, ẹni tó ń ti ọmọlanke, dáńfó tó ń wá èrò, gbogbo wọn ni wọ́n pàdé lójú kan. Láti ìgbà tí ìjọba ti fòfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́ ní September 2022, ẹni tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá ká mọ́ kò ní ọkọ̀ tó lè tètè gbé e là á kọjá. Ẹ tún fi ti ọjọ́ Àìkú kún un: èrò ṣọ́ọ̀ṣì ń darí sílé, àwọn tó wọ aṣọ ẹbí ń lọ sóde ìyàwó, ọkọ̀ kò sì pọ̀ tó ti ọjọ́ iṣẹ́.

Nítorí náà, bí bọ́ọ̀lù bá máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ẹni tó bá kúrò nílé ní aago méjì ti pẹ́. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ yìí pẹ̀lú omijé ọmọ mi. Ọmọ ọdún 9 ni nígbà náà, mo sì ti ṣèlérí fún un pé màá mú un lọ wo bọ́ọ̀lù ní pápá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti wọ jẹ́sì rẹ̀ láti àárọ̀, kò jẹ́ kí ìyá rẹ̀ bọ́ ọ kó tó jẹun. A kúrò nílé ní aago kan ààbọ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Táyà dáńfó tí a wọ̀ bẹ́ ní ìtòsí Ọbanikóró, kò sí táyà mìíràn nínú ọkọ̀, kọ̀ndọ́ ní kí a lọ máa wọ ọkọ̀ mìíràn, kò sì dá owó padà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a dé iwájú pápá.

Ẹnu géètì

Ibí ni ọjọ́ bọ́ọ̀lù ti ń bàjẹ́ jù. Ẹni tó bá ti dé iwájú pápá rò pé wàhálà ti tán, láì mọ̀ pé èyí tó kù ló le jù.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, ojú fèrèsé kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún gbogbo èrò. Ẹni tó ń tà á kò ní ṣéńjì. Ẹni tó bá mú owó ńlá wá ni yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ẹni tó ní owó kékeré yóò fi dé. Àwọn kan wà lẹ́yìn wa tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì yìí kan náà ní owó gọbọi, ọlọ́pàá sì ń wò wọ́n. Nígbà tí a ra tiwa tán, ilẹ̀kùn kan péré nínú géètì ni wọ́n ṣí, ó fẹ̀ díẹ̀ ju èjìká èèyàn lọ, ẹni mẹ́ta ló sì dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń tú àpò wò. Èrò ń tì wá látẹ̀yìn. Mo gbé ọmọ mi sí èjìká. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà níwájú wa yíjú padà, ó ní, "Ẹ rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi, ọmọdé wà níbí." Kò sí ẹni tó gbọ́.

Ìgbà yẹn ni ariwo sọ nínú pápá. Ariwo ayọ̀ ni. Ilẹ̀ tí a dúró lé mì tìtì. Ẹgbẹ́ wa ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé. Ọmọ mi bi mí láti orí èjìká mi pé, "Dádì, ta ló gbá a wọlé?" Mi ò mọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ nínú gbogbo àwa tí a wà níta, bẹ́ẹ̀ a ti sanwó. A wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí abala àkọ́kọ́ parí. Lẹ́yìn ìsinmi, àwọn àlejò gbá méjì wọlé níṣojú wa, bọ́ọ̀lù sì parí ní 2 sí 1. Gólì kan ṣoṣo tó jẹ́ tiwa lọ́jọ́ náà, etí la fi rí i.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ìgbádùn lásán ni ọ̀rọ̀ géètì. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni. Èrò dà bí omi: tí ẹ bá dí ojú ibi tó ń gbà kọjá, kò ní padà sẹ́yìn, ńṣe ni yóò máa kóra jọ títí yóò fi wó ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ẹni tó wà níwájú, kò mọ̀ pé èémí ti ń há ọmọnìkejì òun. Ní May 9, 2001, ní pápá ìṣeré Accra ní Gánà, ẹgbẹ́ Hearts of Oak na ẹgbẹ́ Asante Kotoko ní 2 sí 1. Inú bí àwọn kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju àga, ọlọ́pàá yin tajútajú, àwọn èèyàn sì sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n bá a ní títì. Èèyàn 126 ló kú. Ní January 2022, níwájú pápá Olembe ní Yaoundé, èèyàn 8 kú nínú àfẹsẹ̀tẹ̀ nígbà tí èrò ń gbìyànjú láti wọlé wo ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Nílé wa níbí náà, ọjọ́ tí Samuel Okwaraji, agbábọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè wa, ṣubú tó sì kú sórí pápá ní Súrùlérè, August 12, 1989, àwọn òǹwòran kú nínú èrò tó ti kún àkúnfàya. Àwọn tó kú wọ̀nyí jáde nílé láti lọ ṣeré ni.

Inú pápá

Ẹni tó bá ti borí ọ̀nà, tó borí géètì, ló wá kù kó fara da bọ́ọ̀lù. Ìbànújẹ́ inú pápá ní oríṣi tirẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ wọ́n yàtọ̀.

Oríṣi àkọ́kọ́ ni èyí tí ojú rí tí adarí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kò rí. Àwọn àgbà wa ṣì ń sọ ti February 13, 2000, ní pápá ìṣeré ńlá ní Súrùlérè, nígbà tí Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù pàdé fún ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Eto'o àti Mboma ti fi gólì 2 ṣáájú fún Kamẹrúùnù. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà, Jay-Jay Okocha dá èkejì padà, gbogbo Èkó sì hó yèè. Ó di pẹ́nárítì. Victor Ikpeba gbá tirẹ̀, bọ́ọ̀lù ba igi òkè, ó bọ́ sílẹ̀. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n fi hàn pé ó ti kọjá ìlà, ṣùgbọ́n adarí ní kò wọlé. Rigobert Song gbá èyí tó kẹ́yìn, Kamẹrúùnù sì gba ife nínú ilé wa ní 4 sí 3. Ọdún 2014 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ tó ń sọ bóyá bọ́ọ̀lù ti kọjá ìlà ní ìdíje ife àgbáyé. Ó ti pẹ́ jù fún wa.

Oríṣi kejì ni ọ̀mì tó di ìpàdánù. Ní March 2022, Nàìjíríà àti Gánà ta ọ̀mì òdo sí òdo ní Kumasi. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, wọ́n pàdé ní Àbújá. Thomas Partey gbá ọ̀kan wọlé fún Gánà, William Troost-Ekong fi pẹ́nárítì dá a padà, ó parí sí 1 sí 1. A kò pàdánù ní ilé, a kò pàdánù ní àjò, síbẹ̀ Gánà ló lọ sí ife àgbáyé ní Qatar. Òfin tí wọ́n lò ni pé tí àròpọ̀ bá dọ́gba, gólì tí èèyàn bá gbá wọlé nílé onílé ló wúwo jù. Nínú òfin yìí, ẹni tó wà nílé ló ń bẹ̀rù jù, torí pé gólì kan péré tí àlejò bá rí lè sọ iṣẹ́ ọjọ́ méjì di asán. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù ti fagi lé irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2021. Lọ́jọ́ náà ní Àbújá, àwọn òǹwòran ya wọ inú pápá, wọ́n sì ba nǹkan jẹ́. Mo mọ bí inú wọn ṣe bàjẹ́ tó, ṣùgbọ́n mi ò lè gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹni tí inú bí tó wó ilé ara rẹ̀, ìta ni yóò sùn.

Ṣé ayọ̀ kò sí rárá ni? Ó wà. Pápá ńlá Súrùlérè tí pẹ́nárítì Ikpeba ti pa wá lẹ́kún yìí kan náà ni Nàìjíríà ti na Algeria ní 3 sí òdo láti gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní March 22, 1980, tí Ṣẹ́gun Odẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, tí Mudashiru Lawal gbá ọ̀kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti darúgbó, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ròyìn rẹ̀, ojú wọn á tàn. Tẹlifíṣọ̀n kò lè fún èèyàn ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ṣì ń lọ.

Ìpadàbọ̀

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí èmi àti ọmọ mi padà dé Kétu lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń ta ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó ti tan iná. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà àdúgbò wa, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kún dẹ́nu, jẹnẹrétọ̀ ń ké, àwọn ọ̀dọ́ ń hó nítorí ẹgbẹ́ méjì tó ń gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ni ibẹ̀ rí wa, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrìn o. Ẹ mú ọmọ wọlé kó jókòó, ó ti rẹ̀ ẹ́." Ó nu àga kan fún un. Ọmọ náà jókòó, kò sì pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni ohun kan yé mi. A máa ń sọ pé àwọn ọ̀dọ́ wa fẹ́ràn ẹgbẹ́ òkèèrè nítorí pé bọ́ọ̀lù wọn dára. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú nítorí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé. Onílé ìwòran mọ orúkọ wọn. Ó kọ àkókò bọ́ọ̀lù sára pátákó, àkókò yẹn náà ni yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ṣéńjì. Bí iná bá lọ, ó ń bẹ̀ wọ́n. Nínú yàrá tó gbóná yẹn, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá ní ọ̀nà jíjìn réré dà bí ti ilé, nígbà tí èyí tí wọ́n gbá nínú ìlú wa dà bí ti àjò.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ẹ̀yin olólùfẹ́ bí tèmi, ẹ tètè máa jáde. Bí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ aago mẹ́rin, kí aago méjìlá bá yín lójú ọ̀nà. Ẹ mú owó kékeré lọ́wọ́. Bí ẹ bá mú ọmọdé dání, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìwé pélébé kí ẹ fi sí àpò rẹ̀, kí ẹ sì wo ẹnu ọ̀nà àbájáde kí ẹ tó jókòó. Bí a bá pàdánù, ẹ jẹ́ ká sunkún bí èèyàn, ká má ju nǹkan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí Kòsọ́fẹ́, a kò bẹ̀bẹ̀ fún pápá olówó ńlá. Pápá ilé ìwé tí a fi ògiri yí ká, tí a gbin koríko sí, tí a to àga díẹ̀ sí, ti tó kí ẹgbẹ́ kéékèèké máa gba àlejò ní Kétu tàbí Ìkòsí, kí àwọn ọmọ mọ́ńkí pósì lè ní ibi tí ọkọ̀ kò ti ní í lé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò bọ́ọ̀lù, ẹ̀yin lẹ máa ń pè wá ní agbábọ́ọ̀lù kejìlá. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ẹ ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ojú fèrèsé tó pọ̀, ẹ fi ẹni tó ní ohùn sí ẹnu ọ̀nà kó máa darí èrò, ẹ má ti ilẹ̀kùn àbájáde pa nígbà tí èèyàn ṣì wà nínú pápá. A ó fara da ìpàdánù, ó ti mọ́ wa lára.

Ọmọ mi ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ìgbà wo ni a tún máa lọ. Mo ti dáhùn pé láìpẹ́. Ẹ̀yin tí kọ́kọ́rọ́ géètì wà lọ́wọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i kó tó di aago méjì. Àwa ti wà lójú ọ̀nà.